Ṣé ẹni tó mọ̀wé ti di tíṣà náà ni?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ Àìkú kan ní Ọ̀yọ́ níbí, inú rẹ̀ ò dùn. Ọmọ rẹ̀ tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì ní yunifásítì wá iṣẹ́ tíṣà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, wọ́n sì ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí PGDE wá ná, èyí tó ń kọ́ ẹni tó ti ní digirí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń fún tíṣà ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọdún mẹ́rin ló fi ka kẹ́místrì. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ nítorí àwọn ọmọ SS1? Ìwọ náà ń ṣe tíṣà, bá mi dá sí i. Àbí owó ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Mi ò tíì fèsì tí ìyàwó rẹ̀ fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ní tòun o, iṣẹ́ tíṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé rárá, àmútọ̀runwá ni. Ó ní tíṣà tó kọ́ òun ní kíláàsì kẹta ò ní ju Gírédì Tuu, ìwé ẹ̀rí tíṣà ayé àtijọ́, lọ, síbẹ̀ òun ò tíì rí ẹni tó mọ ọmọ kọ́ bíi tirẹ̀. Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àǹtí, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n wọ kíláàsì. Ẹnu iṣẹ́ náà ni màá ti mọ̀ ọ́n."

Èèyàn mẹ́ta, ìgbàgbọ́ mẹ́ta. Bàbá gbà pé ẹni tó bá ti mọ nǹkan lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Ìyá gbà pé ẹ̀bùn ni. Ọmọ gbà pé ẹnu iṣẹ́ la ti ń mọṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá a padà ló ni ìgbàgbọ́ kẹrin, pé iṣẹ́ tó ní òfin àti ìwé àṣẹ ni, bíi ti nọ́ọ̀sì tàbí lọ́yà. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo ti gbọ́ lórí bó ṣe yẹ ká pèsè olùkọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí rédíò tàbí nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, inú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ti ń jáde. Ohun tó wá ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé kálukú kì í sọ èyí tó gbà gbọ́ síta. Bàbá á máa sọ̀rọ̀ owó, ìyá á máa sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, wọn ò sì ní mọ̀ pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn ń pè ní "tíṣà". Mo fẹ́ tú u palẹ̀ níbí, torí iṣẹ́ yìí ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé kò ju kéèyàn dìde dúró níwájú àwọn ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn ìgbàgbọ́ yìí ti ń wá. Kò sí ọmọdé tó máa ń jókòó ti dókítà lójoojúmọ́ fún ọdún méjìlá. Kò sí ẹni tó ń bá lọ́yà lọ sí kóòtù láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n tíṣà, gbogbo wa la ti wò ó títí. Lọ́dún 1975, Dan Lortie, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìgbé ayé àwùjọ, ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí ọmọ ilẹ̀ wọn bá fi máa jáde girama, á ti lo nǹkan bíi wákàtí 13,000 lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́. Ó ní ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ ojú nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ ń rí ohun tí tíṣà ń ṣe, kò rí ìdí tó fi ń ṣe é. Ó rí i nígbà tó ń kọ nǹkan sí pátákó. Kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ àná nígbà tó ń rò ó pé, "Tí mo bá fi àpẹẹrẹ yìí bẹ̀rẹ̀, ṣé kò ní tú wọn lórí? Kí ni màá ṣe fáwọn tí kò bá yé?"

Ohun tó fi ń léwu ni pé ìkọ́ṣẹ́ àfojúkọ́ yẹn ò lọ síbì kankan, inú ara ló wà. Ní sáà àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ti pinnu pé mi ò ní na ọmọ, mi ò sì ní bú ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kíláàsì fi gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo la ẹnu, ohùn tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì karùn-ún ló jáde, èébú rẹ̀ gan-an, bó ṣe ń fà á. Àwọn ọmọ dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi náà dákẹ́, torí ẹ̀rù ara mi bà mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi kàwé lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú, ṣùgbọ́n ọdún méjìlá tí mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti ṣáájú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ sọ èèyàn di olùkọ́, tí kò kọ́kọ́ jẹ́ kó kó ohun tó ti gbà gbọ́ jáde síta kó sì yẹ̀ ẹ́ wò, ńṣe ló ń kọ́lé lórí ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn.

Ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn, torí kò gba àkókò. Òótọ́ ni pé sùúrù, ìfẹ́ ọmọ àti ẹnu dídùn kì í rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ la wà. Ọmọ Àyàn ni wọ́n bí sínú ìlù, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí Àyàn tí wọ́n bí lónìí tí wọ́n gbé ìyáàlù kọ́ lọ́rùn lọ́la. Ìlù kékeré ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un, á máa tẹ̀ lé àwọn àgbà lọ sóde, á máa gbọ́, wọ́n á máa bá a wí. Tí ẹ̀bùn bá tó kọ́ni láìsí ìkọ́ṣẹ́, àwọn Àyàn ni ì bá kọ́kọ́ jáwọ́ nínú kíkọ́ ọmọ wọn.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló gba àlàyé, torí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí kò mọ kẹ́místrì ò lè kọ́ni ní kẹ́místrì, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Mo ti rí tíṣà tó mọ gbogbo ọ̀nà ìkọ́ni tán tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ pé ó wà, yunifásítì tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní kẹ́místrì ò sì ní in lọ́kàn láti kọ́ ọ. Lọ́dún 1986, Lee Shulman, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, pe àkíyèsí sí i: mímọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kọ́ni, bíi kẹ́místrì, lọ́tọ̀, mímọ ọ̀nà ìkọ́ni lápapọ̀ lọ́tọ̀, mímọ bí iṣẹ́ kan pàtó ṣe ń rí lójú ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni tíṣà ní tí ẹlòmíràn ò ní.

Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin pé èwo ló tóbi nínú 1/3 àti 1/4. Ọ̀pọ̀ á sọ pé 1/4. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ oókà ni mẹ́rin ti ń ju mẹ́ta lọ, ta ló wá sọ fún wọn pé ó ti yí padà? Ẹni tó gboyè nínú ìṣirò, tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́, á sọ pé, "Ẹ wá iye tí méjèèjì lè pín," á ṣe é lórí pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á gba máàkì, wọ́n á sì délé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé 1/4 ló tóbi. Ẹni tó ti kọ́ bí àṣìṣe yẹn ṣe ń wáyé kò ní tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Á gbé búrẹ́dì kan kalẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ fẹ́ kẹ́ ẹ pín in, àbí ẹ̀yin mẹ́rin?" Ẹ máa gbọ́ ariwo! Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni ìpín ṣe ń kéré tó. Láti orí ìyẹn ni á ti wá mú wọn lọ sórí pátákó.

Ẹ gbọ́ èyí tó jẹ́ tiwa gan-an. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ 16 ń sọ pé ẹ̀fà àti ẹ̀wá ni. Lédè Yorùbá, mẹ́rìndínlógún ni, ogún tí wọ́n yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ń ka oókà ní Yorùbá ti ń ṣe ìyọkúrò lẹ́nu kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìyọkúrò. Tíṣà tó mọ èyí á sọ ọ́ di irinṣẹ́: "Márùndínláàádọ́ta, èló ni wọ́n yọ? Nínú èló?" Tíṣà tí kò mọ̀ ọ́n á máa kùn pé Yorùbá ló ń dí ọmọ lọ́wọ́. Bákan náà ni ọmọ tó ń pe ṣ ní s, bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn. Bó bá kọ "sip" níbi tó yẹ kó kọ "ship", etí rẹ̀ ò dí, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ máa tún ẹnu ṣe kó tó tún ọwọ́ ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ máa fa ìlà pupa sí i lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò wọn lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n ní láti ṣètò ìwé, kí wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún un. Yorùbá làwọn olùkọ́ ọ̀hún ń sọ nílé láti kékeré o. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa fi Yorùbá ná ọjà, kó sì tún fi í ṣàlàyé bí omi ṣe ń di ooru, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń ṣiyèméjì pé ìmọ̀ ìkọ́ni jẹ́ ìmọ̀ gidi, kó wá sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ àwọn Akànṣe Ẹ̀dá ti Ìjọba Àpapọ̀ níbí, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní "Special". Ọdún 1977 ni ìjọba dá a sílẹ̀ láti máa pèsè olùkọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ríran, àwọn tí kò gbọ́ràn àti àwọn tí ọpọlọ wọn ń lọ́ra láti gba nǹkan. Àmì tó-tó-tó mẹ́fà péré ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àwọn afọ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní Braille. Àgbékalẹ̀ wọn ló ń di A, B, D, nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró. Bó ti wù kí ìfẹ́ ọmọ pọ̀ lọ́kàn èèyàn tó, bó ti wù kó gboyè kẹ́místrì tó, tí kò bá kọ́ bí ìka ọmọ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì méjì tó fara jọra, ọmọ yẹn ò ní kàwé. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ẹ̀bùn ló ń ṣe é. Ohun tí mo máa ń rò ni pé iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ tó ríran náà ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kìkì pé ọmọ tó ríran lè da nǹkan kọ, kó fi bo ohun tí kò yé e mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí àwa ará agbègbè yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pípèsè olùkọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ilé ẹ̀kọ́ tí CMS, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ kó lọ sí Èkó, ó sì dé Ọ̀yọ́ lọ́dún 1896, òun ló di St. Andrew's College. Ìgbà tó wà ní Abẹ́òkúta ni Samuel Johnson kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ẹni tó pàpà kọ ìtàn àwọn Yorùbá nígbà tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1897 láti máa kọ́ olùkọ́ àti ajíhìnrere pa pọ̀. Lórí ilẹ̀ St. Andrew's àtijọ́ ni Yunifásítì Ajayi Crowther wà báyìí.

Mo mẹ́nu kan ìtàn yìí torí pé ìgbàgbọ́ ìgbà yẹn ṣe kedere. Ẹni tí yóò jẹ́ tíṣà ní ọjọ́ Ajé ni yóò jẹ́ oníwàásù ní ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà ìwà ni wọ́n ń kọ́ ju ohunkóhun lọ: inú ọgbà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń jí gbàdúrà, wọ́n ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀ pàápàá, á ti máa kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ tíṣà lábẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Lára ìgbàgbọ́ ìgbà yẹn la ṣì rí nígbà táwọn àgbà bá ń sọ pé, "Tíṣà ayé àtijọ́, tó o bá rí i lọ́nà, o ò ní fẹ́ kó rí ẹ."

Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Iye ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 sí ohun tó lé ní 811,000. Ibo ni wọn yóò ti rí olùkọ́? Wọ́n kó àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ wọ kíláàsì, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké sílẹ̀ tó ń mú tíṣà jáde kíákíá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi ò ní mọ "A". Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni èrò kan ti wọlé sọ́kàn wa tí kò tíì jáde dòní, pé tíṣà jẹ́ ohun tí èèyàn lè fi dí àlàfo.

Kí wá ló dé tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi rántí tíṣà Gírédì Tuu rẹ̀ sí rere? Mo rò pé ó jàre, àmọ́ kì í ṣe torí ẹ̀bùn. Àwọn tíṣà wọ̀nyẹn kọ́ ohun tí wọ́n máa lọ kọ́ àwọn ọmọ gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti orí bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí pátákó kó má wọ́. Nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní tòsí tí wọ́n ti ń wo ọ̀gá tó ń kọ́ni tí àwọn náà sì ń dán an wò. Ọ̀nà tí ọmọ tálákà tó mọ̀wé lè gbà dèèyàn kò sì pọ̀ nígbà náà, torí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí orí wọn pé jù ló ń ṣe tíṣà. Ẹ fi ìyẹn wé òní. Lọ́dún 2025, máàkì tí JAMB ní kò gbọ́dọ̀ dín fún ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì jẹ́ 150 nínú 400. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jẹ́ 100. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí à ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nípa iṣẹ́ yìí kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀kọ́ tá a lè kọ́ ọ nínú ọgbà tó máa tètè pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ó ku ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pé ẹnu iṣẹ́ lòun á ti mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fara mọ́ jù, òun náà ni mo sì ń bẹ̀rù jù.

Lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín igbá ní ìlú yìí. Ọmọ iṣẹ́ jókòó ti ọ̀gá. Ọ̀gá fín tirẹ̀, ọmọ wò ó. Ọmọ fín tirẹ̀, ọ̀gá wò ó, ó sọ pé ọ̀bẹ ti jìn jù níbí, yí ọwọ́ rẹ sí báyìí. Igbá tó bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù. Ohun tó jẹ́ kí ìkọ́ṣẹ́ yẹn múná dóko ni ojú ọ̀gá tí kò kúrò lára ọwọ́ ọmọ. Tí ọ̀gá bá jáde nílé tó ní kí ọmọ máa fín in lọ, ọmọ á mọ nǹkan kan lóòótọ́, á mọ bí wọ́n ṣe ń tètè parí. John Dewey, ará Amẹ́ríkà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń lágbára nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ti kìlọ̀ èyí lọ́dún 1904: ẹni tí wọ́n bá tètè tì sínú kíláàsì kó tó mọ bí ọmọ ṣe ń ronú, bí kíláàsì ṣe máa dákẹ́ ni gbogbo ọkàn rẹ̀ máa wà. Ó lè fi ogún ọdún dá wọn dákẹ́ láìmọ̀ ohun tó ń lọ lórí wọn.

Ẹ wá wo T.P. tiwa, ìyẹn ìdánrawò ìkọ́ni. Ìlànà NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo sáà kan gbáko nínú ilé ẹ̀kọ́ gidi, kó máa kọ́ni. Kó tó lọ, á ti ṣe èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan kékeré kan, wọ́n á sọ ibi tó kù sí, á tún un kọ́. Lórí ìwé, ètò náà dára púpọ̀. Nígbà tí èmi lọ ṣe T.P., tíṣà tó ni kíláàsì fi mí hàn àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kó rẹ́jísítà lé mi lọ́wọ́, ó sì jáde. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀gá mi ló jẹ́, kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún un lórí mi, ó sì ti ń dá kíláàsì yẹn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsinmi ni mo jẹ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alábòójútó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó yẹ lẹ́sìn nóòtì mi wò, ó wo aṣọ mi, ó jókòó sẹ́yìn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ó sì fún mi ní máàkì tó dùn mọ́ mi nínú. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rántí pé àwọn ọmọ kan wà lápá òsì kíláàsì yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí n kò gbọ́ ohùn wọn rí ní gbogbo sáà náà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lè kàwé. Kò sí ẹni tó bi mí, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi ara mi.

Ibi tí mo gbà pé iṣẹ́ wà jù nìyí. Àwọn kan ń fẹ́ kí ọdún ẹ̀kọ́ gùn sí i, àwọn kan ń fẹ́ kó kúrú. Ní Finland, láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ní kí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gba oyè másítà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1990, ètò kan wà níbẹ̀ tó ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lọ sí kíláàsì lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn èèyàn ń jà lórí ọdún àti ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí n kì í gbọ́ kí wọ́n tẹnu mọ́ tó nípa Finland ni pé àwọn yunifásítì wọn ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn, tí àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé kíkọ́ olùkọ́ jẹ́ apá kan iṣẹ́ àwọn. Ọ̀gá ń bẹ, ojú rẹ̀ sì wà lára ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Tí wọ́n bá fún mi ní owó láti fi tún ohun kan ṣe ní Ọ̀yọ́, mi ò ní fi kún ọdún. Tíṣà tó dáńgájíá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ni màá wá, màá dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, màá san owó fún un, màá sì ní, "Màmá, ẹ má ṣe jáde kúrò ní kíláàsì tí ọmọ yìí bá ń kọ́ni. Ẹ jókòó tì í."

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tó ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú, ẹ jẹ́ kí n yára là á. NCE, ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, òun ni ìwé tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ wa gbà kí tíṣà ní. Láti ìgbà ìlànà ọdún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní láti yan irú ọmọ tó fẹ́ máa kọ́: àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, JSS, àwọn àgbàlagbà tàbí àwọn akànṣe ẹ̀dá. Digirí nínú ẹ̀kọ́, ìyẹn B.Ed., B.A.Ed. àti B.Sc.Ed., ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé, mẹ́ta fún ẹni tó ti ní NCE. Emmanuel Alayande tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹ́lẹ̀, ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ láti ọdún 2022. PGDE wà fún irú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ti ní digirí nínú iṣẹ́ mìíràn. Kẹ́místrì kọ́ ló fẹ́ tún kọ́ ọ, bí ọmọ ṣe ń ronú àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ni. Àjọ TRCN, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, kì í kọ́ni ní nǹkan kan. Ìdánwò ló ń ṣe fún èèyàn, ó ń forúkọ sínú ìwé, ó sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ní ìpele mẹ́rin láti orí ẹni tó ní NCE dé orí ẹni tó ní oyè ọ̀mọ̀wé. Nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ tó dá ọmọ náà padà ò jẹ̀bi. Ibi tí ìgbàgbọ́ tiwọn náà kù sí ni pé ìwé àṣẹ kò lè fi hàn bóyá ẹnikẹ́ni ti jókòó ti èèyàn rí.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó gbà díẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ PGDE, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì gbà á sí ẹ̀gbẹ́ tíṣà àgbà kan tó ń kọ́ wọn ní kẹ́místrì, tí kì í jáde ní kíláàsì.

Lóṣù tó kọjá ló pè mí lálẹ́. Ohun tí àwọn oníkẹ́místrì ń pè ní "mole" ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ SS1. Ó ti kọ lẹ́sìn nóòtì sílẹ̀, 6.02 × 10²³, iye tó wà nínú mole kan, ló fi bẹ̀rẹ̀, tíṣà àgbà yẹn wò ó, ó sì bi í pé, "Ta ni yóò kọ́kọ́ yé nínú wọn?" Ló bá lọ gbé ẹyin wá. Kíréètì ẹyin adìẹ kan, kíréètì ẹyin awó kan. Ọgbọ̀n ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, wọn ò wúwo bákan náà. Àwọn ọmọ rí i. Ó wá sọ fún wọn pé kábọ́ọ̀nù gíráàmù 12 àti imí-ọjọ́ gíráàmù 32, kíréètì kọ̀ọ̀kan nìyẹn, iye átọ́ọ̀mù kan náà ló wà nínú wọn, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ó ní wọ́n mi orí. Ó ní ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó ní, "Sà, ta ló kà wọ́n?"

Mo ní, "Kí lo wá sọ fún un?"

"Àǹtí, mo mọ bí wọ́n ṣe kà á. Mo kà á ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, mo rí i pé tí mo bá sọ ọ́ bó ṣe wà lórí mi, kò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láé. Mo ní kó fún mi di ọjọ́rú. Báwo ni màá ṣe sọ ọ́?"

Mo wá àga, mo jókòó. Aago mọ́kànlá lù, a ṣì wà lórí fóònù.